Màmá ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ láràárọ̀, ta ló ń kà á?



Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí a ń pè ní táńsíọ̀n, àti ọ̀rọ̀ àìsàn ṣúgà la gbé wá lónìí. Àìsàn méjèèjì kì í ṣe èyí tí èèyàn ń lọ tọ́jú lẹ́ẹ̀kan kó sì parí. Ojoojúmọ́ ni. Bẹ́ẹ̀, dókítà tó mọ̀ ọ́n dáadáa jìnnà sí wa. Láti Kétu dé Kútọnu ju 100 kìlómítà lọ, láti Ṣábẹ̀ẹ́ ju 200 lọ. Màmá á wọ tasí láti ìdájí, á tò sórí ìlà, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú àárẹ̀ ọ̀nà àti àìsùn lára rẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n á sì fi kọ oògùn oṣù mẹ́ta fún un. Bó bá jẹ́ pé ilé ló ti ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀ lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, tó sì fi ránṣẹ́ sí dókítà lórí fóònù, dókítà á rí bí ara rẹ̀ ṣe wà gan-an. Nítorí náà, a fara mọ́ ìtọ́jú orí fóònù.

Ohun tí a ń rí nínú ilé wa ni kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ọmọ tó wà ní Èkó tàbí ní Paris á ra ẹ̀rọ ránṣẹ́, wọ́n á dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀ fún Màmá, ọmọ-ọmọ á máa ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ náà láràárọ̀. Gbogbo ẹbí á máa kọ “Àmín” sábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá kọ 172, ẹnì kan á ní kó mu omi ewúro, ẹlòmíràn á ní aáyù ni, ẹni kẹta á ní ìyàwó ilé ló bí i nínú. Kò sí dókítà níbẹ̀, kò sí nọ́ọ̀sì. Ṣé ìtọ́jú nìyẹn?

Nọ́ńbà fúnra rẹ̀ tún lè da ojú rú, àwa ará ẹnu bodè ló sì kàn jù. Nọ́ọ̀sì tiwa níbí á sọ pé 14/9. Ẹ̀rọ á kọ 140/90. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó á pè é ní 140/90 bákan náà. Ohun kan náà ni. Ti ṣúgà ló léwu jù. Láàárọ̀ tí èèyàn kò tíì jẹun, 1,26 gíráàmù nínú lítà kan tí ilé àyẹ̀wò tiwa ń kọ, 126 tí ẹ̀rọ mìíràn ń kọ, àti 7,0 tí àwọn kan ń kọ ní Nàìjíríà, ọ̀kan náà ni wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pè é ní àìsàn ṣúgà. Bí ẹ bá wá fi 1,8 ránṣẹ́ sí ẹni tó ń fi ìṣirò kẹta yẹn kà, á rò pé ṣúgà Màmá ti lọ sílẹ̀ pátápátá, á ní kí wọ́n tètè fún un ní ohun dídùn mu, nígbà tó jẹ́ pé ṣe ló ga! Ẹ máa kọ irú ìṣirò tí ẹ̀rọ yín ń lò mọ́ nọ́ńbà.

Kí ẹ̀rọ táńsíọ̀n jẹ́ ti apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́, kí aṣọ rẹ̀ sì bá apá Màmá mu. Kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀. Nílé, bó bá ti ń dé 135/85 lemọ́lemọ́, kí dókítà gbọ́.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀: kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní kọ́múùnù wa ní nọ́ọ̀sì kan, fóònù kan, àti wákàtí tí a mọ̀, kó sì lè gbọ́ ohùn tí Màmá fi Yorùbá sọ ránṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa san owó mẹ́gà àti owó dókítà. Owó tí à ń ná síbi ìsìnkú nílẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Kí ẹ sì tó da àìsàn rẹ̀ sójú gbogbo ẹbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Òun ló ni ara rẹ̀.

Bí ojú bá wọ́ sápá kan, bí apá kò bá gbé sókè mọ́, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, tàbí tí àyà ń dunni tí èémí kò sì já gaara, ẹ má fi fọ́tò kankan ránṣẹ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ní ìlú tiyín, ṣé ilé ìwòsàn wà tó ń dáhùn lórí fóònù? Wákàtí wo ni wọ́n ń dáhùn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí àwọn ará ìlú yín rí i.