Kì í ṣe ojúrere ni mo ń tọrọ, bọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ rí

Ẹ máa rí i pé lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ mi yìí tóbi ju ti àwọn tó kù lọ, ó sì gba bébà méjì lára ògiri. Èmi ni mo bẹ olóòtú wa pé kí ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní àyè ò sí. Mo bi í pé, "Ṣé kí n kọ nǹkan tí èmi fúnra mi ò ní lè kà ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Gbogbo ẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ò ju ìyẹn náà lọ, àmọ́ ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń wá ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé àfín ni mí. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àfín ò mọ sí awọ nìkan. Ojú wà ńbẹ̀. Ohun tó ń pa awọ yín láró tí kò sí nínú awọ tèmi, kò tó nínú ojú mi náà, kò sì jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹyinjú mi dàgbà bó ṣe yẹ látinú oyún. Ìdí nìyẹn tí ẹyinjú mi fi máa ń jó síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí oòrùn fi máa ń pa mí lójú, tí jígí ojú ò sì lè tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Àwọn kan rò pé jígí mi yìí ti parí iṣẹ́. Rárá o. Bí mo bá jókòó sí ìlà kẹta, mo máa ń rí i pé tíṣà ti kọ nǹkan funfun sójú bọ́ọ̀dù, àmọ́ mi ò ní mọ ohun tó kọ. (Ní ti iyọ̀ tí ẹ máa ń bi mí, mò ń jẹ iyọ̀. Ẹ wá tọ́ ọbẹ̀ ilá ìyá mi wò.)

Nígbà tí mo wà ní JSS 2, tíṣà kan tò wá jókòó bí a ṣe ga sí. Mo ga, ẹ̀yìn pátápátá ló gbé mi sí. Mi ò sọ̀rọ̀. Inú ìwé ẹni tó jókòó tì mí ni mo ti ń wo iṣẹ́ kọ, bí òun bá ti ṣì í kọ, àwa méjèèjì la jọ ṣì í. Nígbà tó di ọjọ́ ìdánwò ìṣirò, mo ka 8 sí 3 níbi méjì, mo wá jókòó, mo ṣe iṣẹ́ náà dáadáa lórí nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò fún mi. Mo gba 4 nínú 20. Tíṣà ní ọkàn mi ò sí níbi ẹ̀kọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní nìyẹn. Mo gbà pé olódo ni mí, torí ó rọ̀ mí lọ́rùn ju kí n dìde láàárín ọmọ márùnlélọ́gọ́ta kí n sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò rí i."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ wọn ò sọ iye tí ẹnu yíyà ń náni. Bí o bá bèèrè ìjókòó iwájú, wọ́n á ní o fẹ́ kí tíṣà máa rí ẹ. Bí o bá dé fìlà níbi ìpéjọ àárọ̀, wọ́n á ní òfin ilé-ìwé ò gba fìlà. Ẹ sì mọ oòrùn Òkè-Ògùn tiwa yìí, pàápàá láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, nígbà tí pápá ti jó tán. Bí ẹ bá dúró fún ìdajì wákàtí, ẹ máa làágùn. Bí èmi bá dúró, awọ mi á bó ni. Irú oòrùn bẹ́ẹ̀ náà ló ń fa jẹjẹrẹ awọ fún àwa àfín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge rárá.

Ìyá mi ló bá mi la ẹnu nígbà tí mo wọ SS 1. Wọ́n ní kó mú ìwé dókítà wá. A jí ní aago mẹ́rin, a wọ ọkọ̀ láti Ṣakí, a gba Ìṣẹ́yìn kọjá lọ sí Ìbàdàn, a sì sùn mọ́jú ọ̀hún. Ọjọ́ méjì ni ìyá mi ò fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí a mú ìwé náà dé, wọ́n kà á, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ kan péré: "Ẹ gbé àga ẹ̀ síwájú." Mo ń wo ojú ìyá mi. Kò sọ nǹkan kan.

Mi ò ní kí ilé-ìwé má bèèrè ẹ̀rí. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n lè díbọ́n nítorí àfikún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo mọ orúkọ wọn pàápàá. Ṣùgbọ́n nǹkan ju nǹkan lọ. Bí ọmọ bá ń bèèrè àfikún àsìkò nínú ìdánwò, ẹ bèèrè ìwé dókítà. Àga ńkọ́? Fìlà ńkọ́? Ta ló máa díbọ́n nítorí kó lè jókòó sábẹ́ imú tíṣà?

Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé, "Ìdánwò kan náà la jọ ń ṣe, kí ló dé tí tìrẹ á fi yàtọ̀?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò bínú. Ìdáhùn mi ni pé nígbà tí ìwọ ti ń ronú, èmi ṣì ń fi imú gbá bébà, mò ń wá ibi tí ìbéèrè kejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ ìbéèrè mi ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹ sì mú àsìkò yín, mi ò fẹ́.

Ohun tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àrà tuntun. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Òfin yẹn sọ pé ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ láti bójú tó ẹ̀kọ́ wọn. Ó sì fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn máa lè gbà wọlé. Ọdún 5 yẹn pé ní 2024. Àtẹ̀gùn mẹ́fà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá sáyẹ́ǹsì wa. Ọmọ SS 1 tó ń fi ọ̀pá rìn, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì ló máa ń gbé e gòkè. Ó máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín ní JSS 2.

JAMB náà ti ní ẹgbẹ́ kan láti ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ni alága wọn, tó ń ṣètò ìdánwò fún àwọn afọ́jú pẹ̀lú ìwé bíréèlì tí wọ́n ń fọwọ́ kà. Ọ̀yọ́ wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Bí WAEC bá kéde èsì, wọ́n máa ń dárúkọ iye àkàndá ẹ̀dá tó ṣe ìdánwò. Àmọ́ báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé o wà, bí kò bá sí lórí fọ́ọ̀mù? Ilé-ìwé ló ń forúkọ wa sílẹ̀ fún WAEC. Bí tíṣà tó ń kọ ọ́ ò bá mọ̀, WAEC ò lè mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa tó wà ní yunifásítì sọ fún mi pé níbẹ̀, kò sí ìyá tó máa bá ẹ wá. Ìwọ fúnra ẹ ni wàá mú lẹ́tà, wàá máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ni wàá sì tún ẹjọ́ náà rò fún. Yálà Pólì Òkè-Ògùn níbí ni a máa lọ, tàbí LAUTECH tó wà ní Ìṣẹ́yìn, tàbí ibi tó jìnnà, ibí ló yẹ ká ti kọ́ bí a ṣe ń bèèrè.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tíṣà kíláàsì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù tó ń bọ̀, ẹ pe wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bi wá lójú gbogbo kíláàsì. Ẹ bi wá pé kí ló ń dí wa lọ́wọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè tọ̀dọ̀ yín wá lákọ̀ọ́kọ́.

Èmi ti kọ lẹ́tà tèmi nípa WAEC ọdún tó ń bọ̀. Mo fi í sílẹ̀ lọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ní Mọ́ńdè. Ẹni tó bá fẹ́ kọ tiẹ̀, tí kò sì mọ bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀, kó wá bá mi lákòókò ìsinmi. Mo ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́. SS 2 ni mo wà, ìlà àkọ́kọ́, àga tó kọjú sí bọ́ọ̀dù gan-an.