Ẹ̀sọ̀ Ni A Fi Ń Gbá Gọ́ọ̀fù

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ìwà nìkan ni òwe yìí wà fún, ẹ jẹ́ ká jọ dé pápá gọ́ọ̀fù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú igi gọ́ọ̀fù lọ́wọ́, mo rò pé bí ẹni ń la igi ìdáná ni. Mo dì í mú gírígírí, mo sì fi gbogbo ara jù ú. Bọ́ọ̀lù kìíní wọ igbó lápá ọ̀tún, èkejì wọ igbó lápá òsì, ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ kúrò lójú kan. Ọmọkùnrin tí ó ń bá mi gbé àpò, irú àwọn tí a ń pè ní kádì, rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù kò jẹ yín ní gbèsè o. Ẹ má lù ú mọ́, ẹ jẹ́ kí igi kọjá lára rẹ̀.” Ó gba igi, ó fì í bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Bọ́ọ̀lù lọ tààrà bí ọfà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ihò tí à ń wá kò fẹ̀ ju íǹṣì 4¼ lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá fi dígírì 5 péré yà kúrò lójú ọ̀nà, nígbà tí yóò bá fi rin 200 yáàdì, yóò ti fi nǹkan bí yáàdì 17 jìnnà sí ibi tí a rán an. Agbára kò lè tún èyí ṣe. Ńṣe ni yóò túbọ̀ gbé e wọnú igbó.

Kí ni ká wá ṣe? Kí a di igi mú bí ìyá ti í di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú kọjá títì: kò gbọdọ̀ bọ́, kò sì gbọdọ̀ dun ọmọ. Kí a fì í lọ sẹ́yìn láìkánjú. Nínú eré àwọn ọ̀gá, àkókò tí igi fi ń lọ sẹ́yìn máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po 3 èyí tó fi ń padà wá bá bọ́ọ̀lù. Bí igi bá ń padà bọ̀, kí ìbàdí kọ́kọ́ yí, kí apá tẹ̀ lé e, kí ọwọ́ kẹ́yìn. Onídùndún mọ èyí: ọrùn ọwọ́ tó rọ̀ ni í mú ìlù sọ̀rọ̀, èyí tó gan, ariwo lásán ni í pa. Lẹ́yìn náà, kí a dúró ṣinṣin títí bọ́ọ̀lù yóò fi balẹ̀. Ẹni tí ó bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ti ná ju owó ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò ní àwọn òṣèré òde òní ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá 300 yáàdì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n eré tí igi wọn ń sá, inú ìtòlẹ́sẹẹsẹ ara ló ti ń wá, kì í ṣe inú ìfúnpọ̀ ọwọ́. Ẹ wo Sam Snead, ará Amẹ́ríkà tí a bí ní 1912, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ fífì tó rọ̀ bí omi. Ní 1965, nígbà tó ti di ẹni ọdún 52, ó gba ìdíje Greensboro, ìyẹn ló sì sọ iye ìdíje PGA tó gbà di 82. Bó bá ṣe pé agbára apá nìkan ni, ṣé yóò borí àwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ náà?

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Nítorí pé a sọ eré yìí di ti alágbára àti olówó, ọ̀pọ̀ obìnrin àti àwọn tí ara wọn kò tóbi láàárín wa kò jẹ́ sún mọ́ ọn. Àwọn kádì tí ó sì mọ̀ ọ́n gbá, àpò là ń gbé lé wọn léjìká. Èmi ní tèmi, mo ní kí àwọn alábòójútó eré ìdárayá ní yunifásítì pè wọ́n wá kọ́ wa, kí wọ́n sì san owó olùkọ́ fún wọn. Ọmọ tó kọ́ mi kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ dẹ ọwọ́ yín. Igbó ti gba bọ́ọ̀lù tó.