OMI ÌKÓGÒSÌ DÁRA, ṢÙGBỌ́N Ẹ̀GBÀ KÌ Í DÚRÓ DÈ É

Ohun tó bá ya aráyé lẹ́nu kì í pẹ́ di oògùn lọ́wọ́ wọn. Jẹ́ kí omi gbóná níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti dáná sí i, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbé kẹ́ẹ̀gì débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ omi Ìkógòsì rí. Ẹni tó bá ti Kàbà nílẹ̀ Okun ń lọ síbẹ̀, á kọjá Ìyámoyè, á gba Òmùò wọ Èkìtì, á la Ìkọ̀lé àti Adó kọjá, á sì já sí Àrámọkọ kó tó dé ibi omi náà. Bí ẹni tó ń lọ bá fẹ́ wòran, ó dáa, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé aláìsàn ni wọ́n gbé sẹ́yìn mọ́tò. Àwọn yẹn lọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ń bá wí.

Ìtàn kan tí wọ́n ń sọ ní Ìkógòsì ni pé ìyàwó méjì tí ọkùnrin kan fẹ́ ló di omi méjèèjì tó wà níbẹ̀. Oníbìínú di omi gbígbóná, oníwà tútù di omi tútù, baálé wọn sì di òkè. Ẹni tó bá ti gbé ilé olórogún rí ò ní jiyàn! Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni omi méjèèjì ti ń sun, kí wọ́n tó pàdé, kí wọ́n sì jọ máa ṣàn lọ. Àjíhìnrere Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, ló sọ ibẹ̀ di olókìkí ní 1952. Nígbà tó yá, omi ibẹ̀ di omi inú ìgò tí wọ́n ń pè ní Gossy.

Kí ló wá ń mú un gbóná? Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní òjò tó gba pàlàpálá àpáta wọlẹ̀ ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, béèyàn bá ti walẹ̀ kìlómítà kan, ooru á ti fi nǹkan bíi dígírì 25 sí 30 lé sí i. Omi náà lọ sísàlẹ̀, ó gbóná, ó sì tún gba inú àpáta padà sókè. Kò sí òkè ayọnáyèéfín kankan nítòsí ibẹ̀. Àwọn kan ń pariwo pé ooru rẹ̀ tó dígírì 70, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 38 ni àwọn tó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n rí, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ooru ara èèyàn lọ. Omi dígírì 70 kẹ̀! Ta ni yóò wẹ̀ nínú ẹ̀ tí ara ẹ̀ ò ní bó? Ruwan Zafi ní Adamawa tilẹ̀ gbóná jù ú lọ, nítorí ó tó nǹkan bíi 54.

Ẹni tó bá fẹ́ rí omi gbígbóná tòótọ́, kó wo Iceland, erékùṣù òkè ayọnáyèéfín tó wà lápá àríwá òkun Àtìláńtíìkì. Omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Deildartunguhver. Líítà 180 ló ń tú jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ooru rẹ̀ sì tó dígírì 97. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin Reykjavik, olú ìlú wọn, máa ń ru aṣọ ìdọ̀tí lọ fọ̀ níbi omi gbígbóná kan, bí àwọn ìyá ṣe ń ru aṣọ lọ sódò níhìn-ín. Àwọn kan já sínú ẹ̀, wọ́n sì kú, kó tó di pé wọ́n fi irin ṣọgbà lé e lórí ní nǹkan bíi 1902. Ní 1930, wọ́n fi páìpù fa omi ibẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan láti fi lé òtútù. Lónìí, nínú ilé mẹ́wàá ní Iceland, bíi mẹ́sàn-án ló ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ móoru. Wọ́n ń fi fọṣọ, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, ó ń gbádùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbà bá mú ẹnìkan wọn, ọsibítù ni wọ́n ń gbé e lọ.

Ẹ wá gbọ́ irú ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan. Ìyá àgbà jí láàárọ̀, ẹnu wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá òsì ò ṣeé gbé, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu wọn mọ́. Àkọ́bí ọkùnrin ní, "Ẹ pe dírẹ́bà! Ìkógòsì là ń gbé Màámi lọ. Omi yẹn ti gbé ẹni tó jù báyìí lọ dìde."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ta lẹ fojú ara yín rí?"

"Wọ́n sọ ọ́."

"Ta ló sọ ọ́?"

"Gbogbo ayé!"

"Gbogbo ayé kọ́ ló bí wa, ẹ̀gbọ́n. Màámi ló bí wa. Ọsibítù ló kàn. Bí ara wọn bá yá tán, èmi ni màá sanwó mọ́tò Ìkógòsì."

Àbúrò yìí ló mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀gbà a máa wá nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tó dì bá dí iṣan inú ọpọlọ, tàbí tí iṣan náà bá bẹ́. Omi tí wọ́n dà sára ò lè débẹ̀. Wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, a kì í sì í ná an tán sórí títì. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Kí wá ni omi náà wà fún? Ó ń dẹ ara tó rẹ̀, ó sì lè fún ẹni tí aromọléegun ń yọ lẹ́nu ní ìsinmi díẹ̀. Àmọ́ kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó wọnú omi gbígbóná, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lójijì, kí òòyì sì gbé e ṣubú. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ rẹ̀ kú kò ní mọ̀ bí omi bá ń jó o. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn dókítà ò gbọdọ̀ torí kẹ́ẹ̀gì omi kan gbé e jù sílẹ̀.

Ìkógòsì ò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ kí Màmá fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn débẹ̀.