Ẹbí Àwọn Ọmọ Ogun: Lẹ́yìn Tí Ẹyẹlé Bá Ti Fò Lọ

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìíní bá ti pé, àwọn aláṣẹ a máa péjọ ní Àbújá àti ní olú-ìlú àwọn ìpínlẹ̀ láti ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí wọ́n kú sójú ogun. Wọn a fọn fèrè, wọn a yìnbọn sókè, wọn a fi òdòdó lélẹ̀, wọn a sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ kí ó fò lọ. Ṣáájú ọjọ́ náà ni àwọn èèkàn ìlú yóò ti lẹ báàjì mọ́ àyà, tí wọn yóò sì dá owó fún ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì.

Ní àkókò ìjọba Òyìnbó, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣe ìrántí yìí, nítorí ọjọ́ náà ni Ogun Àgbáyé Kìíní parí lọ́dún 1918. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni ìjọba gbé e wá sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí Bìáfrà túúbá lọ́dún 1970. (Àwọn tó jà fún Bìáfrà, tí wọ́n sì di arọ, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jókòó lẹ́bàá títì ní Oji River tí wọ́n ń tọrọ bárà. Kò sí báàjì tí ẹnikẹ́ni tà nítorí tiwọn.) Ìrántí kò burú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ bi ara wọn ni èyí: ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ta ni ó tún rántí opó?

Ìyàwó sójà tí ń gbé inú báráàkì kò pàdánù ọkọ nìkan ní ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú. Ilé tí ó ń gbé, ilé ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni. Láìpẹ́, wọn yóò ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹ́ inú báráàkì náà. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ó fi ń ṣe opó, tí kì í jáde láìnídìí, àkókò náà gan-an sì ni wọ́n ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀: ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ìbí ọmọ, ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ lórí ohun ìní olóògbé, àti ìwé ìgbéyàwó. Níbo ni yóò ti rí ìwé ìgbéyàwó? Mélòó nínú àwọn mọ́sálásí ni ó ń fún tọkọtaya ní ìwé nígbà tí wọ́n bá so yìgì? Àwọn àlùfáà ṣe àdúà, wọ́n jẹun, wọ́n gba owó àdúà, wọ́n sì lọ. Ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti ìjọba.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà tí ó le ju èyí lọ. Nígbà tí ọmọkùnrin bá ń wọ iṣẹ́ ológun, àpọ́n ni ó sábà máa ń jẹ́, orúkọ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó sì máa ń kọ sínú fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọn yóò kàn sí bí ó bá kú. Ó fẹ́yàwó, ó bímọ, kò sì rántí pààrọ̀ orúkọ náà. Ó kú tán, owó dé, ẹ̀gbọ́n gbà á, ó sì kọ́ ilé. Òfin ogún pínpín nínú Ìsìláàmù kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́: ìpín ìyàwó àti ti ọmọ ti wà nílẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú fọ́ọ̀mù, alágbàtọ́jú ni, kì í ṣe olówó. Ẹni tí ó bá jẹ owó ọmọ òrukàn lábẹ́ orúkọ fọ́ọ̀mù, iná ni ó ń jẹ.

Àwọn tó dàgbà ní Èkó kò lè gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú àwọn ológun já sí Èjìgbò. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ju 150 lọ, àwọn ọ̀gá ológun tí wọn kò tíì dàgbà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sì sí ẹni tó yè. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn opó wọn ṣì ń ké nínú ìwé ìròyìn pé ìlérí kò ṣẹ. Opó ọ̀gá ni wọ́n, wọ́n sì lè sọ̀rọ̀ kí oníròyìn gbọ́. Ta ni yóò gbọ́ ti opó kọ́púrà tí ọkọ rẹ̀ kú ní Borno, nínú ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009?

Àwọn kan yóò sọ pé ọmọ ìjọba ni sójà, kí ìjọba bọ́ ẹbí rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ èyí tó wà nínú wọn gan-an, pé sójà ti na àwọn ní pàṣán lójú títì, sójà ti gba ìjọba, sójà ti jẹ ìlú run. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ òrukàn kò gba ìjọba lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tálákà àti aláìní sì wà nínú àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Wọn kò yọ ìyàwó sójà kúrò.

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ Mùsùlùmí mọ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, kì í ṣe Mùsùlùmí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun lọ́dún 1942, wọ́n sì kó o lọ sí ogun Bọ́mà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan kọlù wọ́n lẹ́bàá odò Kaladan. Ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, òmíràn bà á ní ìhà. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ni wọ́n ṣẹ́kù sínú igbó náà. Àwọn ará abúlé ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, níkẹyìn, àgbẹ̀ kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, Shuyiman, kó wọn wá sínú ilé ara rẹ̀ láàárín ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Bí àwọn ará Japan bá rí wọn níbẹ̀, gbogbo ilé náà ni ìbá ṣègbé. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n lò kí ìrànlọ́wọ́ tó dé ní oṣù Kejìlá. Fadoyebo tiro padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó bímọ, ó sì wà láyé títí di ọdún 2012. Lọ́dún 2011, oníròyìn kan, Barnaby Phillips, gbé lẹ́tà rẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ Shuyiman. Bàbá wọn ti kú.

Shuyiman kì í ṣe olówó. Kò mọ Ọ̀wọ̀, kò gbọ́ Yorùbá, kò sì sí ìjọba tí ó bẹ̀ ẹ́. Ìrẹsì òní ni ó fún wọn lónìí, ó sì tún fún wọn ní ti ọ̀la.

Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní àdúgbò. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ wo ni ó mọ iye opó ológun tó wà láàárín mọ́sálásí rẹ̀ sí ìkejì? Owó ilé ọdún kan láti inú sàká, kí owó olóògbé tó jáde, lè dá obìnrin kan dúró kí ó má bàa kó ọmọ lọ sí oko. Ìwé yìgì kan tí lèmọ́mù fọwọ́ sí lè ṣí ilẹ̀kùn tí omijé kò lè ṣí. Ní ti àwọn bàbá arúgbó, nígbà tí ìjọba bá pe àyẹ̀wò láti mọ ẹni tó ṣì wà láàyè, wọ́n lè ní kí wọ́n wá fi ojú ara wọn hàn. Bàbá tí ẹsẹ̀ ti rọ kò lè tò lórí ìlà láti àárọ̀. Ọ̀dọ́ kan tí ó ní alùpùpù, tí ó sì lè yọ̀ǹda ọjọ́ kan, lè bá a gba ipò lórí ìlà kí ó tó wá gbé e.