Ìlú Kì Í Ṣe Ibùsùn Lásán

Ẹ dé Mówe tàbí Ìbàfò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ó rò pé ìlú ti ṣí lọ. Géètì lápá ọ̀tún, géètì lápá òsì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi àgádágodo tì. Àwọn ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́. Ẹni tó kù nílé kò ju mégáàdì lọ, àti ìyá àgbà tí wọ́n mú wá láti ilé pé kó wá bá wọn tọ́jú ọmọ ọwọ́. Àwọn onílé ti jáde láti ìdájí. Dáńfó tàbí sọ̀ọ́lẹ̀ ló gbé wọn dé Bẹ́gà ní ẹnu ibodè Èkó, láti Bẹ́gà ni wọ́n ti fọ́n ká lọ sí Ìkẹjà, Yábàá àti Erékùṣù Èkó. Ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó padà dé, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ló sì máa ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó.

Komu ni mo ti ń kọ èyí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ní Òkè-Ògùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í jí lọ síṣẹ́ l'Ékòó láàárọ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Bí a bá pè wọ́n lórí fóònù tí a bi wọ́n léèrè bí ibẹ̀ ti rí, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé, "Bàbá, ibí parọ́rọ́ o. Kò sí ariwo rárá."

Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lu ìparọ́rọ́ yẹn. Ẹni tó ti gbé yàrá kan rí ní Múṣin tàbí Ajégúnlẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú ramúramù sí i létí mọ́jú, tí onílé ń béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó mọ iyì kí èèyàn ní ilé tirẹ̀, kó ní kànga tirẹ̀, kó gbin ewédú sí ẹ̀yìnkùlé. Nǹkan ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìparọ́rọ́ lọ́tọ̀, àlàáfíà lọ́tọ̀. Ibi tí èèyàn kàn ń sùn sí kò tíì di ìlú, ẹ̀rù sì ń bà mí pé àwa Yorùbá, tí a ti ń gbé ìlú kí òyìnbó tó dé, ti ń tọ́ ìran kan tí kò ní ìlú dàgbà.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé jíjí lọ síbi iṣẹ́ tó jìnnà sílé ṣàjèjì sí wa. Ọmọ àgbẹ̀ ni wá ní Òkè-Ògùn. Oko etílé wà, tí bàbá á lọ láàárọ̀ tí á sì padà wọlé lálẹ́. Ọ̀kadà ló ń gbé ọ̀pọ̀ lọ báyìí. Oko egàn náà wà, tó jìnnà, tí èèyàn á sùn ní abà fún ọjọ́ mélòó kan nígbà tí iṣẹ́ iṣu tàbí àgbàdo bá wọni lọ́rùn. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí nípa àṣà wa, kọ ọ́ ní 1955 pé ìlú ńlá gidi ni àwọn ìlú Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé inú wọn.

Kí ló so àgbẹ̀ yẹn mọ́ ìlú nígbà tó jẹ́ pé oko ni oúnjẹ rẹ̀ wà? Ìlú ni ààfin wà. Ìlú ni ọjà wà. Ìlú ni mọ́sálásí Jímọ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì wà. Ìlú ni wọ́n ti ń parí ìjà, tí wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ, tí wọ́n ti ń jóyè. Ẹni tó bá pẹ́ títí ní abà mọ̀ dájú pé abà kì í ṣe ilé. Gbogbo ìlú kì í sì í lọ sóko tán: àwọn àgbà tí ara wọn kò gbé oko mọ́ wà nílé, àwọn ìyá tó ń se irú àti àwọn tó ń sá láfún wà nílé. Ọmọ tó bá ṣìwà hù lọ́sàn-án gangan, ojú ti rí i, ẹnu á sì bá a wí kí bàbá rẹ̀ tó ti oko dé.

Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n ti yí gbogbo rẹ̀ po. Ibi iṣẹ́ ló di ìlú, ibi oorun ló di abà. Èkó ló ń gba ọjọ́ èèyàn àti agbára rẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù lálẹ́ ni Mówe ń rí gbà. Àwọn àgbà ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́." Ládùúgbò tí gbogbo àgbà ti bá iṣẹ́ lọ láti ìdájí, ta ló kù tí yóò tún orí ọmọ ṣe? Bí ara aládùúgbò bá ṣàìyá ní ọ̀sán, ta ni yóò gbọ́ igbe rẹ̀?

Ẹ̀bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kọ́. Ní 1978, lábẹ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ yẹn. Ìrìnàjò láti ìlú dé ìlú ni wọ́n là á fún. Ṣùgbọ́n ilé wọ́n l'Ékòó, ilẹ̀ sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ lẹ́yìn Bẹ́gà, ni èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rà á ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. Ìjọba kò bá wọn ronú ọkọ̀ tí wọn yóò máa wọ̀. Gómìnà Látẹ́ẹ̀fù Jákàńdè fẹ́ ṣe reluwé Metroline fún Èkó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun sì fagi lé e ní 1985. Ó tó nǹkan bí ogójì ọdún kí wọ́n tó ṣí reluwé Red Line láàárín Oyíngbò àti Àgbádó, ní oṣù Kejì 2024. Reluwé Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà 2021, ọ̀nà Abẹ́òkúta ló gbà, kò dé Mówe. Mọ́tò nìkan ló kù fún ará Ìbàfò.

Ọ̀rọ̀ owó orí tún wà níbẹ̀. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń sùn ní Ìbàfò, Ìpínlẹ̀ Ògùn ló yẹ kí owó rẹ̀ lọ. Ní 2021, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú àti Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún fọwọ́ sí ìwé pé ìpínlẹ̀ méjèèjì yóò jọ máa mú ìdàgbàsókè bá ara wọn. Síbẹ̀ àwọn onílé ló ṣì ń dáwó ra tiransifọ́mà, àwọn náà ló ń dáwó da yanrìn sójú ọ̀nà nígbà òjò.

Ọmọ ilẹ̀ England kan, Ebenezer Howard, ti ronú jinlẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1898, nígbà tó sì di 1903, àwọn tó gba èrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú Letchworth ní àríwá London. Ohun tó fẹ́ ni ilé tó ní ọgbà, ilé iṣẹ́ nínú ìlú kan náà, oko yí ìlú ká, kí owó tí ilẹ̀ bá mú wọlé sì padà sọ́dọ̀ àwọn ará ìlú. Ọ̀pọ̀ tó fara wé e lẹ́yìn náà mú ilé àti ọgbà, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn baba tiwa náà mọ ọgbọ́n yìí: ibi tí wọ́n bá tẹ̀ dó sí, wọ́n ń wá àyè ọjà kí ilé tó pọ̀.

Ìdí tí mo fi ń pariwo báyìí ni pé ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mọ́níyà, n'Íbàdàn, ni reluwé láti Èkó parí sí. Láti Mọ́níyà, ọ̀nà kìlómítà 65 tí ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé parí gba Ìjàyè wọ Ìsẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn wa. Ọ̀nà tó fìyà jẹ wá fún ọdún pípẹ́ ti wá já geere, iṣu àti àgbàdo wa ń tètè dé Ìbàdàn, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà bá ti dára, ilẹ̀ á máa tà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn á sì máa wá ibi tó parọ́rọ́ sùn sí. Bí a bá dákẹ́, ilẹ̀ oko tó wà lójú ọ̀nà yẹn á di ilé tí wọ́n ń tì pa láti ìdájí.

Kí ìjọba Ọ̀yọ́ má ṣe fọwọ́ sí lé-áòtù kankan lójú ọ̀nà náà àyàfi tí wọ́n bá ti ya àyè sọ́tọ̀ fún ọjà, ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n tó ta púlọ́ọ̀tì àkọ́kọ́. Kí Ògùn àti Èkó lo ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ará Mówe lè fojú rí ohun tí owó orí rẹ̀ ṣe ládùúgbò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń gbé ibẹ̀, iṣẹ́ yín náà wà ńlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ayálégbé máa jókòó nínú ìpàdé ẹgbẹ́ onílé, torí oorun kan náà ni ẹ jọ ń sùn. Ẹ wá àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi wọ́n ṣe àgbà àdúgbò, ẹ fún wọn láṣẹ láti bá ọmọ yín wí lọ́sàn-án, kí ẹ má sì bínú tí wọ́n bá bá a wí. Ẹ dá ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún sílẹ̀, a ó kó iṣu àti láfún wá bá yín láti Òkè-Ògùn. Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ tó dé orí owó ọlọ́dẹ, ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí ọjà yín máa wà.