Ẹja Tí Yóò Lè Bá Ara Wọn Gbé

Ìyá kan kọ̀wé sí wa pé ọkọ òun ra àpótí dígí, ó po omi oníyọ̀ sínú rẹ̀, ó sì kó ẹja òkun mẹ́fà aláwọ̀ mèremère sí i kí àwọn ọmọ lè máa wò ó. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, mẹ́rin ti kú, wọ́n sì ti jẹ ìrù ọ̀kan nínú méjì tí ó kù. Ó ní, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Sísin ohun ẹlẹ́mìí fún ìgbádùn ojú kì í ṣe èèwọ̀. Abu Umayr, àbúrò Anas, ní ẹyẹ kékeré kan tí ó fi ń ṣeré, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n Ànábì yìí kan náà ni ó sọ fún wa nípa obìnrin tí ó wọ iná nítorí ológbò tí ó tì mọ́lé láìfún un ní oúnjẹ. Ẹja inú dígí kò rí ibi sá lọ. Àmánà ni ó jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó tì í mọ́bẹ̀. Bí a ti ń wádìí ìwà kí a tó fi ọmọ fọ́kọ, bẹ́ẹ̀ ni kí a wádìí ìwà ẹja kí a tó kó wọn pọ̀.

Ẹ bi ẹni tí ń tà á ní ohun mẹ́ta: Báwo ni yóò ti tóbi tó? Kí ni oúnjẹ rẹ̀? Ṣé oníjà ni?

Èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní lionfish lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n yóò gbé ẹja tí ó bá gba ẹnu rẹ̀ mì, oró sì wà nínú ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ kọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Damselfish kéré bí ìka ọwọ́, síbẹ̀ bí ó bá ti gba igun kan, yóò máa lé gbogbo ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn. Yellow tang, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè, ń fẹ́ omi tí ó tó bí lítà 400, ó sì kórìíra ẹja tí ara rẹ̀ jọ tirẹ̀. Mandarin kì í jà, ṣùgbọ́n kòkòrò omi wẹ́wẹ́ tí ó wà láàyè ni ó ń jẹ. Ebi ni yóò pa á nínú àpótí tuntun.

Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, clownfish kékeré méjì, firefish kan àti goby kan tó. Èyí tí ó bá tóbi jù nínú clownfish méjèèjì ni yóò di abo, ìjà yóò sì tán. Ẹ fi nǹkan bo orí àpótí, nítorí firefish a máa fò jáde.

Kí ẹja kankan tó wọlé, ẹ jẹ́ kí omi dúró ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kí àwọn kòkòrò tí ojú kò rí, tí ń pa oró ìdọ̀tí ẹja, lè pọ̀ níbẹ̀. Iyọ̀ tí a ṣe fún ẹja òkun ni kí ẹ lò, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀: nǹkan bíi gíráàmù 35 sí lítà omi kan. Ẹ mú onísùúrù wọlé ṣáájú, kí oníjà kẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà. Bí iná mànàmáná bá ń lọ ládùúgbò yín, ẹ wá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì sílẹ̀.

Nínú òkun, irú goby kan wà tí ó ń bá edé kan gbé inú ihò kan náà. Edé kò ríran dáadáa, òun ni ó ń gbẹ́ ihò. Goby ni ó ń ṣọ́nà fún un. Olúkúlùkù mọ iṣẹ́ rẹ̀, ilé wọn sì tòrò. Kí Ọlọ́hun Ọba fi irú ìrẹ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ilé wa. Àmín.