Ẹ Jẹ́ Ká Tún Un Kà

Lọ́jọ́ tí mo lọ dìbò ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2024, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Iléṣà. Kò béèrè ẹni tí mo dìbò fún. Ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé o dúró títí wọ́n fi kà á?" Mo ní, "Rárá o, Àǹtí. Ẹ̀rọ ló ń kà á." Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kà á sókè? Gbogbo yín kàn dìbò, ẹ wá lọ sílé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ mà láyà o."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Bí mo ṣe dìbò lọ́jọ́ náà nìyí. Wọ́n yẹ káàdì ìdánimọ̀ mi wò, wọ́n fún mi ní káàdì kan, mo kì í bọ ẹ̀rọ tó dà bí tẹlifíṣọ̀n kékeré. Mo ń fi ìka tẹ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣe tán, ìwé kan jáde: àmì QR wà lókè, orúkọ àwọn tí mo yàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo gbé e lọ síbi ẹ̀rọ kejì, ẹ̀rọ gbé e mì, ìwé sì já sínú àpótí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tó kù sí ni pé orúkọ tí èmi fojú ara mi kà kọ́ ni ẹ̀rọ kejì ń kà. Àmì QR ló ń kà, kò sì sí ẹni tó lè fojú lásán ka ìyẹn. Àwọn aṣòfin Georgia náà rí i pé kò bójú mu. Lọ́dún 2024 ni wọ́n ṣòfin pé bó bá di oṣù keje ọdún 2026, kí wọ́n má fi àmì náà ka ìbò mọ́.

Síbẹ̀, ó ti sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ọdún 2002 títí di 2019, ẹ̀rọ tí Georgia ń lò kì í tẹ ìwé kankan jáde. O fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti gbọ́, ó tán. Jìbìtì kọ́ ló bí i o, ìtìjú ni. Ní Florida lọ́dún 2000, káàdì tí wọ́n ń lu ihò sí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi dìbò. Òmíràn lu jálẹ̀, òmíràn kò lu jálẹ̀, ìbò 537 péré ni wọ́n sì fi yan ààrẹ. Ojú ti Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2002 wọ́n ṣòfin, wọ́n kó owó sílẹ̀ pé kí àwọn ìpínlẹ̀ lọ ra ẹ̀rọ tuntun. Ọ̀pọ̀ sáré ra èyí tí kò ní ìwé. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni adájọ́ Amy Totenberg tó pàṣẹ pé tí ọdún yẹn bá ti parí, Georgia kò gbọdọ̀ lò wọ́n mọ́.

Ẹni tó bá ti ra gàrí rí mọ̀ pé kóńgò ju kóńgò. Wọ́n a máa fi òòlù lu ìdí òmíràn wọnú, kó má bàa gba púpọ̀. Ẹ̀rọ ìdìbò náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ ní 2002 sọ pé nínú mílíọ̀nù 10 àyè tí olùdìbò lè sàmì sí, àṣìṣe ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ó dùn-ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti ń wọn ìyẹn, kì í ṣe lọ́jọ́ ìdìbò tí ọwọ́ èèyàn ti kàn án. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n fọwọ́ sí òṣùwọ̀n tuntun tó fi ọ̀rọ̀ kan kún un, ọ̀rọ̀ náà ni mo sì fẹ́ràn jù: bí àṣìṣe tàbí àbùkù bá wọ inú ẹ̀rọ, kò gbọdọ̀ yí èsì padà láìjẹ́ pé a lè rí i. Ká má kàn gba ẹ̀rọ gbọ́, ká ní ohun tí a ó fi já a nírọ́.

Colorado ni kí á lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Láti 2017, lẹ́yìn ìdìbò, wọ́n á pe ará ìlú jọ, wọ́n á máa ta dáìsì olójú mẹ́wàá bí ẹni ń ta lúdò, títí nọ́ńbà 20 yóò fi pé. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń mọ ìwé ìbò tí wọn yóò yọ. Òṣìṣẹ́ á ṣí àpótí, á fa ìwé náà jáde, wọ́n á fi wé ohun tí ẹ̀rọ ní òun kà. Ní Georgia, lóṣù kọkànlá ọdún 2020, ọwọ́ ni wọ́n fi tún nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 ìwé ìbò ààrẹ kà. Ní Floyd County, wọ́n rí ìwé tó lé ní 2,600 tí wọn kò fi sẹ́nu ẹ̀rọ rárá. Àṣìṣe èèyàn ni. Ẹni tó wọlé kò yí padà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìwé, ta ni ì bá mọ̀?

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ní Nàìjíríà rò pé BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ní ibùdó ìdìbò, ń ka ìbò. Kì í kà á. Ó ń wo ìka tàbí ojú rẹ láti mọ̀ bóyá ìwọ ni, ó ń ka iye olùdìbò tó ti yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ya fọ́tò ìwé èsì, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí IReV, ìkànnì tí ará ìlú ti lè wo èsì. Ìbò fúnra rẹ̀, ẹnu la fi ń kà á. Òṣìṣẹ́ INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, á gbé ìwé sókè, á fi han ọ̀tún, á fi han òsì, gbogbo èrò á sì máa hó, "Mẹ́tàdínlógún! Méjìdínlógún!" Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù EC8A, ìyẹn ìwé èsì ibùdó náà, olúkúlùkù á mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ. Nǹkan tí ẹ̀gbọ́n mi ń béèrè lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo ti ń dìbò ní Amẹ́ríkà tipẹ́, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Ibi tí tiwa ti ń bàjẹ́ ni lẹ́yìn tí èrò bá ti tú ká. Nínú ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2022, Adeleke ní ìbò 403,371, Oyetola, gómìnà tó wà lórí oyè nígbà náà, ní 375,027. Ẹjọ́ dé, Oyetola sọ pé ìbò ju iye ẹni tí BVAS rí lọ ní àwọn ibùdó kan. INEC ti fún un ní àkọsílẹ̀ BVAS kan. Nígbà tó yá INEC tún mú òmíràn wá, wọ́n ní gbogbo ẹ̀rọ kò tíì fi ohun tó wà nínú wọn ránṣẹ́ tán nígbà ti àkọ́kọ́. Ìdìbò kan, àkọsílẹ̀ méjì! Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà gba ipò lọ́wọ́ Adeleke lóṣù kìíní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a padà lóṣù kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún. Ilé ẹjọ́ náà ní ẹni tó bá sọ pé ìbò ju èèyàn lọ gbọ́dọ̀ gbé ìwé orúkọ olùdìbò, ẹ̀rọ BVAS gan-an àti fọ́ọ̀mù EC8A wá sílé ẹjọ́. Ohun tí Colorado ń fi dáìsì ṣe láàárín ọjọ́ mélòó kan, nǹkan bí oṣù mẹ́wàá la fi fà á, pẹ̀lú owó lọ́yà.

Ti ìdìbò ààrẹ Nàìjíríà lóṣù kejì ọdún 2023, ẹ ò ní nílò kí n tún un sọ. Ẹ̀rọ kan náà gbé èsì àwọn aṣòfin àgbà lọ sí IReV, ti ààrẹ kò tètè gòkè, INEC ní ẹ̀rọ ló kọṣẹ́.

Àwa ará òkè òkun la máa ń pariwo jù pé kí Nàìjíríà ra ẹ̀rọ tí a ó máa fọwọ́ tẹ̀ dìbò. Èmi náà ti pariwo rẹ̀ rí, mo sì ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Lọ́dún 2009, ilé ẹjọ́ tó ń mójú tó òfin ìpìlẹ̀ Jámánì dá ẹ̀rọ ìdìbò tiwọn dúró, wọ́n ní ó yẹ kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà lè yẹ kíkà ìbò wò fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lè yẹ ti ibùdó tirẹ̀ wò pẹ̀lú ojú àti ẹnu lásán. Kí wọ́n má gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀rọ. Ohun tó kù tí ó yẹ ká bẹ àwọn aṣòfin àti INEC fún kò wọ́n: kí òfin sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n tó kéde ẹni tó wọlé, kí wọ́n ta dáìsì níta gbangba, kí wọ́n fa ibùdó mélòó kan yọ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ṣí àpótí wọn, kí wọ́n sì fi ìwé ìbò, EC8A àti nọ́ńbà tó wà nínú BVAS wé ara wọn níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Títí dìgbà náà, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá dìbò tán, ẹ má tíì lọ. Ẹ dúró kà á.